Àgbá Irin àti Ogójì Àtẹ

Nígbà tí wọ́n sọ àgbá irin náà kalẹ̀ nínú ọgbà wa, ìyá àgbà mi jáde sínú òjò dídì, ó yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó wá bi bàbá mi pé, "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Ìyá," ni bàbá mi wí. "Ẹ̀rọ kójì ni. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré la fẹ́ fi dán an wò."

"Mo ṣe bí pósí ni. Mo ní ẹ ti yọ́ wọn gígùn mi nígbà tí mo sùn."

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé ẹ̀rọ náà wá tẹrí ba títí fìlà rẹ̀ fi já bọ́. Ó ní Nemoto ni orúkọ òun, pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ilé iṣẹ́ àwọn máa rán òun nìkan níṣẹ́, kí Màmá jọ̀ọ́ kí wọ́n fojú rere wo òun. Ìyá àgbà bi í léèrè ibi tó ti wá.

"Mito ni, mà."

"Mito." Ìyá àgbà yíjú sí bàbá mi. "Nínú gbogbo ilẹ̀ Japan, ọmọ Mito lo rí mú wọ ilé oníkójì."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo fọwọ́ bo ẹnu. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ti gbọ́ Mito, nátò ló máa wá sí i lọ́kàn. Ẹ̀wà sóyà tí wọ́n sè, tí wọ́n wé pa mọ́ títí ó fi ń yọ̀ bí ilá, tí òórùn rẹ̀ sì ń ta bí irú, òun ni nátò. Tọmọdé tàgbà ló ń fi í jẹ ìrẹsì láàárọ̀. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni nílé tiwa ní gbogbo ìgbà òtútù, nítorí pé ohun tó ń mú nátò yọ̀ jẹ́ ohun ẹlẹ́mìí. Bí ó bá fi lè kó wọ inú ìrẹsì wa, kójì bàjẹ́ nìyẹn. Omi gbígbóná kì í pa á bọ̀rọ̀, ọṣẹ lásán kò sì tó fún un. Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tí baálé kì í jẹ, ìyáálé kì í sè é. Nílé iṣẹ́ tiwa, Ìyá àgbà ni baálé.

"Ó ti pé ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti fẹnu kàn án gbẹ̀yìn, mà," ni Nemoto wí, ó sì tún tẹrí ba. "Bẹ́ẹ̀ la máa ń ṣe ká tó wọ ilé oníkójì. Màmá mi tiẹ̀ ní mo ti rù."

"O rù lóòótọ́," ni Ìyá àgbà wí, ó sì wọlé lọ.

Ohun tí à ń jà lé lórí nìyí. Ìrẹsì tí a ń sọ di kójì ni ilé wa, ilé Togashi, fi ń jẹun ní ìlú Nakayachi láti ayé ìyá ìyá àgbà mi. A ó sè é lórí ooru omi, a ó jẹ́ kó tutù díẹ̀, a ó fọ́n irúgbìn kójì lé e lórí, a ó sì gbé e sínú yàrá ooru. Tó bá di ọjọ́ kẹta, irun funfun á ti bo hóró kọ̀ọ̀kan, òórùn dídùn á sì gba ilé kan. Ó di kójì nìyẹn, òun làwọn obìnrin ìlú wa sì ń pò mọ́ ẹ̀wà àti iyọ̀ láti fi ṣe mísò, èyí tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ yí ọdún po.

Orí àtẹ onígi la ti ń tọ́jú rẹ̀, ogójì àtẹ pẹrẹsẹ tí a tò léra. Bí kójì bá ti ń hu, ó ń gbóná fúnra rẹ̀, èyí tó wà lókè sì máa ń gbóná ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Nítorí náà, lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ díẹ̀, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wọlé lọ fọwọ́ tú ìrẹsì, kí ó gbé àtẹ òkè wá sísàlẹ̀, kí ó gbé ti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ó ti di ọdún mọ́kànléláàádọ́ta tí Ìyá àgbà ti ń ṣe é. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti dẹnu kọlẹ̀. Ní ọdún tó kọjá ó ṣubú nínú yàrá ooru pẹ̀lú àtẹ lọ́wọ́. Àtẹ yẹn ló dì mú, kò di ara rẹ̀ mú. Láti ọjọ́ náà ni bàbá mi ti ń wá ẹ̀rọ kiri.

Bí a ti ń mu tíì lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Nemoto ń fi ìka kà á fún wa. "Oríṣi mẹ́ta ló wà, mà. Àkọ́kọ́ ni àtẹ bíi tiyín. Èkejì ni àpótí ńlá tí afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ fẹ́ wọlé, ìrẹsì inú ẹ̀ kì í kúrò lójú kan. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ló ń lo ìyẹn. Ẹ̀kẹta ni àgbá tiwa tó ń yí yìí. Òun fúnra ẹ̀ ló ń tú ìrẹsì, òun náà ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ooru ò ní í pọ̀ jù lápá kan."

"Ṣé ó ń gbóòórùn?" ni Ìyá àgbà bi í.

"Rárá, mà."

"Ṣé ó mọ ìgbà tínú bá ń bí kójì?"

Nemoto rò ó díẹ̀. "Ó ní aago tó ń wọn ooru, mà."

"Ẹ bu tíì sí i fún ọmọ yìí," ni Ìyá àgbà wí. "Ó ti gbìyànjú."

Mizuho ni orúkọ mi, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún sì ni mí nígbà náà. Bàbá mi ti là á mọ́lẹ̀ pé bí kójì inú àgbá bá dára, àgbá á dúró, àtẹ á sì lọ. Ọkùnrin kan tó ní ilé oúnjẹ ní ìlú ńlá ti ní òun á kó àwọn àtẹ náà kí òun máa to òdòdó sínú wọn. Òdòdó! Mo kórìíra àgbá yẹn tọkàntọkàn. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo ti ń tú ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá àgbà. Bí wọ́n bá kó àtẹ rẹ̀ lọ, kí ló kù tí yóò máa ṣe? Ṣé kó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n kó máa retí ikú ni? Mo fẹ́ kí àgbá náà kùnà. Mò ń gbàdúrà rẹ̀ bí mo ti ń rìn lọ sílé ìwé, mo tiẹ̀ gbà á nígbà tí ìwé ìdánwò ìṣirò wà níwájú mi.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ́ a se ìrẹsì, a sì fọ́n irúgbìn sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, bàbá mi pín in sí méjì lọ́gbọọgba. Ìdajì wọ inú àgbá, ìdajì lọ sórí ogójì àtẹ. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú la ó tú méjèèjì wò. Ìyá àgbà ti ṣòfin pé Nemoto kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan yàrá ooru tí àtẹ wà, ìyàrá kejì tí àgbá wà ni kí ó máa bá tirẹ̀ ṣe. Èmi lọ sí ẹ̀kọ́ àfikún nílé ìwé, ṣùgbọ́n ara mi nìkan ló lọ. Mò ń wo fèrèsé, mò ń wo aago, mò ń fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀, àfi ìgbà tí olùkọ́ ní kí n jáde lọ fomi bọ́jú.

Nígbà tí a jáde lọ́sàn-án, èmi àti Kanoko ọ̀rẹ́ mi yà sí ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́bàá ilé ìwé. Ọmọ kíláàsì wa kan tó ń jẹ́ Fumie tẹ̀ lé wa.

"Jẹ nǹkan jọ̀ọ́, ojú ẹ ti wọnú," ni Kanoko wí. Ó na ìrẹsì dídì kan sí mi, irú èyí tí wọ́n fi ewé òkun wé. Nátò ló wà ní àárín rẹ̀.

"O mọ̀ pé a kì í jẹ ẹ́."

"Àwọn wo ni 'a'? Ṣé Ìyá àgbà ẹ wà níbí ni?"

"Ẹ wò ó, ẹ̀wà ló ń lé àgbàlagbà kiri," ni Fumie wí.

"Èèwọ̀ ni, mo ti sọ fún yín."

"Èèwọ̀ kẹ̀! Pẹ̀lú fóònù olówó ńlá lọ́wọ́ ẹ," ni Kanoko wí. "Tó o bá jẹ ẹ́ tán, fọwọ́ ẹ. Ó parí."

N kò ní í parọ́ pé wọ́n fipá mú mi. Láti oṣù kọkànlá ni ọ̀fun mi ti ń dá tòló sí nátò, ọ̀rọ̀ àgbá sì gbà mí lọ́kàn lọ́jọ́ náà, mo ń wá ohunkóhun tí mo lè fi gbàgbé rẹ̀. Mo jẹ ẹ́. Ó dùn. Mo tún jẹ èyí tí Fumie jẹ kù. Mo fọ ọwọ́ mi lẹ́nu ẹ̀rọ omi ṣọ́ọ̀bù náà, mo fi apá ẹ̀wù nu ẹnu, mo sì sáré lọ sílé.

Bàbá mi ti gbé ọjà lọ fún àwọn oníbàárà. Ìyá àgbà ń na ẹ̀yìn díẹ̀. Nemoto wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ níta, ó ń jẹ oúnjẹ tó dì wá. Àsìkò àtitú àtẹ ti tó. Mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́, mo wọ ẹ̀wù iṣẹ́ funfun, mo dé fìlà, ṣùgbọ́n n kò lọ sídìí àtẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìdìí àgbá ni ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ. Nemoto ti lẹ ìwé mọ́ ọn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí i, kí a máa wo ooru rẹ̀ lára aago. Mo dá a dúró, mo ṣí i, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìgúnpá.

Ìrẹsì tó fọ́ ni mò ń wá. Mo fẹ́ bá a kó ti di ẹ̀kọ, kí n lè sáré lọ sọ fún Ìyá àgbà. N kò rí nǹkan kan. Ìrẹsì náà dá ṣáká, ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, irun funfun sì ti ń yọ lára rẹ̀. Ó dára, ohun tó sì dùn mí jù nìyẹn. Mo pa á dé, mo jẹ́ kó máa yí lọ, mo wá kọjá sí yàrá ooru. Mo ti tú àtẹ mẹ́ta nígbà tí Ìyá àgbà wọlé tó sì lé mi jáde. "Lọ kàwé ẹ. Màá ṣe ìyókù."

Ní ọjọ́ Àìkú, bí bàbá mi ti ṣí àgbá, gbogbo wa la fà sẹ́yìn. Ìrẹsì náà ti rin gbindin, ó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ń fà bí a ti ń fi ọwọ́ bù ú. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí ẹ̀kúnwọ́ kan tó ṣeé mú níbẹ̀. Ìyá àgbà na imú sí i lẹ́ẹ̀kan péré.

"Nátò," ló wí.

Kò sẹ́ni tó pe orúkọ Nemoto. Òun náà ni gbogbo wa kàn wò, èmi náà wò ó.

"Èmi kọ́," ni Nemoto wí, ojú rẹ̀ ti funfun. "Mà, sà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, n kò jẹ ẹ́."

"Ta ló tún wá láti Mito níbí?" ni bàbá mi bi í. Ẹni jẹ́jẹ́ ni bàbá mi, ìgbà tí mo gbọ́ ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ kò ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láyé mi. Ìrẹsì inú àgbá yẹn ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìlú fẹ́ fi ṣe mísò ní ọjọ́ Túsìdé, ẹ̀wà wọn sì ti wà nínú omi. Ó fa fóònù yọ, ó jáde lọ láti pe ọ̀gá Nemoto.

Ìyá àgbà wọ yàrá ooru, mo tẹ̀ lé e. A ṣí àwọn àtẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́tàdínlógójì funfun nini, òórùn wọn ń dùn. Mẹ́ta ti bàjẹ́ bíi ti inú àgbá. Ìyá àgbà yọ mẹ́ta náà sọ́tọ̀, ó wò wọ́n títí. Ó kàn ní kí n gbé omi gbígbóná wá.

Ohun tí mo fẹ́ ti dọ́wọ́ mi. Àgbá ń lọ, àtẹ ń dúró. Kí ló wá dé tí n kò lè jókòó? Mo wọ ilé ìdáná, mo jáde. Mo ṣí ìwé ìtàn, mo ka ìlà kan nígbà mẹ́rin, n kò mọ ohun tó sọ. Bí mo bá dé ojú fèrèsé, Nemoto ni mò ń rí lóde níbi tí wọ́n ti gbé àgbá náà jáde sí, ó kúnlẹ̀ lórí òjò dídì, ó ń da omi gbígbóná sínú àgbá, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì họ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ pọ́n bí ata. Nígbà tó yá, mo gbé tíì jáde lọ fún un.

"Ẹ ṣé o, Mizuho." Ó di ife náà mú, kò mu ún. "Mo ti ń rò ó. Ó ní láti jẹ́ kóòtù mi. Màmá mi ló fi í ránṣẹ́ láti ilé, bóyá nátò ti kàn án níbẹ̀. Mi ò ronú kàn án. Wo ìyà tí mo fi jẹ ilé yín." Ó fi ọwọ́ kan àpò rẹ̀. "Mo ti kọ lẹ́tà. Mo ní èmi ni mo jẹ̀bi, kí ọ̀gá mi má bàa rò pé ẹ̀rọ ni kò dáa."

"Bọ̀dá Nemoto," ni mo wí.

"Ẹ̀n?"

Mo sáré padà wọlé.

Ìyá àgbà jókòó nínú yàrá ooru, àtẹ mẹ́ta tí a ti fọ̀ wà níwájú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ láìmí: ṣọ́ọ̀bù, nátò tí mo jẹ lẹ́ẹ̀mejì, àgbá tí mo ṣí, ọwọ́ tí mo kì bọ̀ ọ́. Ẹkún gbọ̀n mí jìgìjìgì. Mo ń retí ìgbátí, ṣùgbọ́n kò na ọwọ́.

"Mo ti mọ̀," ló wí.

Mo gbójú sókè.

"Láti àárọ̀ ni mo ti mọ̀. Ọmọ yẹn ò fẹsẹ̀ kan yàrá mi rárá. Àtẹ mẹ́ta lo tú kí n tó wọlé, àtẹ mẹ́ta náà ló sì bàjẹ́. Ṣé mi ò lè ka mẹ́ta ni?"

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ, Ìyá àgbà?"

"Ohun tó di ìwọ lẹ́nu ló di èmi náà. Mo fẹ́ kí àgbá náà lọ. Mo ní kí ọmọ náà máa lọ sí Mito ẹ̀, ọ̀dọ́ ni, á ríṣẹ́ mìíràn." Ó fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. "Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ìka èmi àti ìwọ ló ṣẹ̀, ti ọmọ ọlọ́mọ la fẹ́ jẹ́ kí wọ́n gé. Ojú tì mí, Mizuho. Fà mí dìde."

Mo dì í mú, a jáde sínú òjò dídì. Kò jẹ́ kí n bá a mú ọ̀pá tó fi ń rìn. Nígbà tó dé iwájú Nemoto, ó tẹrí ba, ó tẹ̀ títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún, orúnkún tó ti ń ro ó láti ọjọ́ pípẹ́ wá. "Ilé wa ló ṣẹ̀ ọ́," ló wí. "Ọmọ mi ló jẹ nátò, èmi sì mọ̀, mo dákẹ́. Ya lẹ́tà yẹn."

Nemoto ju búrọ́ọ̀ṣì nù. "Màmá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Òun náà ti wólẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá mi jáde, ó dúró pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, mo sì tún gbogbo rẹ̀ sọ fún un. Kò pariwo mọ́ mi. Ó pe ọ̀gá Nemoto padà, ó ń tẹrí ba bó ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọkùnrin náà ń rí i.

Ìyà tí wọ́n fi jẹ mí kò kéré. Èmi nìkan ni mo lọ láti ojúlé dé ojúlé bá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ náà, tí mo ń ṣàlàyé ìdí tí kójì wọn kò fi sí. Òmíràn dárí jì mí, òmíràn ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú. N kò tún fẹsẹ̀ kan yàrá ooru títí òtútù fi lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì a tún fi àgbá náà dán an wò, láìsí ọwọ́ mi níbẹ̀. Ìyá àgbà bu díẹ̀ sẹ́nu, ó dijú, ó jẹ ẹ́ pẹ́. "Kò tó tèmi," ló wí, "ṣùgbọ́n ó dáa." Bàbá mi ra àgbá náà. Ọkùnrin onílé oúnjẹ tó fẹ́ to òdòdó sì wá kó àwọn àtẹ.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo ọkọ̀ náà títí ó fi kọ́nà. Ohun tí mo jà fún ti lọ, ẹnu mi ni mo sì fi lé e lọ. Mo bi Ìyá àgbà bóyá ó dùn ún.

"Ó dùn mí gan-an," ló wí. "Ṣùgbọ́n mo sùn láná."

Èmi náà sùn. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, mo ti wá mọ̀ pé nátò tí mo jẹ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi tó tóbi jù, nítorí kò sí ọmọ tí kì í ṣi ọ̀nà gbà. Wákàtí tí mo fi dákẹ́, tí ẹlòmíràn ń jẹ ìyà mi lójú mi, òun ni. Ẹ̀yin ojúgbà mi, bí ẹ bá ṣe ohun tí kò dára, ẹ tètè jẹ́wọ́ rẹ̀, kódà bó bá máa gba ohun tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù lọ́wọ́ yín. Ìrẹsì tó bàjẹ́, a lè se òmíràn. Orúkọ ọmọ ọlọ́mọ tí a bá bà jẹ́, kò sí ẹ̀rọ tó ń tún un ṣe.